Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Bàbá Bá Mú Ọmọkùnrin Rẹ̀ Lọ Pàgọ́

Bàbá tí ó bá yọ̀ǹda òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti bá ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sí àgọ́ ẹgbẹ́ Síkáòtù, láti gun òkè Ìdànrè, tàbí láti jókòó tì í létí odò kí àwọn méjèèjì ju ìwọ̀ sómi, ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá kò rí àyè ṣe. Síbẹ̀, ọmọ mìíràn a máa ti irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ dé pẹ̀lú ìpinnu pé òun kò ní bá bàbá òun lọ mọ́. Bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ náà, a ó rí i pé kì í sábà jẹ́ òjò tàbí ẹ̀fọn ló lé e sá. Bàbá gba iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọmọ ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi èyí tí ó jẹ́ ti àgbà sílẹ̀ láìṣe. Ojú ọ̀nà méjì yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn ń gbà wọlé.

Gbígba iṣẹ́ ọmọ ṣe

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ni mo sì kà sí èyí tí ó burú jù nínú àwọn àṣìṣe tí kì í gba ẹ̀mí. Ọmọ á mú èèkàn àgọ́ lọ́wọ́, á gbìyànjú láti gbá a wọlẹ̀, èèkàn náà á sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ó tó gbé òmíràn, bàbá á ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀: "Gbé e wá, jẹ́ kí n tètè ṣe é." Kò ní pẹ́ tí àgọ́ á fi dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ọmọ á ti jókòó sórí báàgì rẹ̀, á máa bi bàbá rẹ̀ pé ìgbà wo ni àwọn máa padà sílé.

Nígbà tí Robert Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, láti dán ètò tí ó padà di ẹgbẹ́ Síkáòtù wò, ìsọ̀rí mẹ́rin ni ó pín wọn sí, ó sì fi ọmọkùnrin kan ṣe olórí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ètò yẹn ni ẹgbẹ́ náà gbé dé Nàìjíríà ní ọdún 1915, òun náà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé: àwọn ọmọ ló ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, àwọn ló ń pọn omi, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n sì ń pinnu ẹni tí yóò fọ ìkòkò, nígbà tí àgbà dúró sí ìtòsí tí ó ń ṣọ́ wọn. Bàbá tí ó bá bọ́ sí àárín wọn tí ó ń pàṣẹ ti ba ètò náà jẹ́, ì báà jẹ́ pé àgọ́ tí ó pa dára ju ti gbogbo wọn lọ.

Àṣìṣe yìí kì í sì í dúró de ìgbà tí wọ́n bá dé ibùdó. Ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí bàbá tàbí ìyá bá di ẹrù ọmọ fún un ní alẹ́ tí wọ́n máa lọ lọ́jọ́ kejì, tí olóhun fúnra rẹ̀ sì ti sùn. Bí òjò bá dé lóru, ọmọ náà kò ní mọ ibi tí aṣọ òjò wà nínú báàgì, kò sì ní mọ̀ bóyá wọ́n tilẹ̀ mú tọ́ọ̀ṣì wá. Ohun tí ó tọ́ ni kí bàbá àti ọmọ jọ kọ ohun tí wọ́n máa nílò sínú ìwé, kí ọmọ kó o sínú báàgì, kí bàbá wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan tí bàbá gbọ́dọ̀ wò dáadáa níbẹ̀ ni ìwọ̀n ẹrù náà. Bí ìrìn bá gùn, ẹrù ẹ̀yìn ọmọ kò yẹ kí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọmọ tí ó wọn kílò 30 kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 6 lọ, kí a sì rántí pé lítà omi kan ti jẹ́ kílò kan nínú rẹ̀.

Bí ìrẹsì tí ọmọ sè bá jóná nídìí ìkòkò, kí bàbá bù ú jẹ. Bí kókó tí ó ta sórí okùn àgọ́ bá tú, kí bàbá fi bí wọ́n ṣe ń ta á hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i lórí okùn mìíràn, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ lọ tún tirẹ̀ ta. Èyí gba sùúrù, ó sì máa ń jẹ àkókò. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí wọ́n dé ibùdó ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, nítorí pé bàbá tí òkùnkùn ń lé kò ní ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá tí ó ń wá ìgbà èwe tirẹ̀ kiri

Bàbá tí ó dàgbà sí etí ọ̀sà, tí ó ti mọ ìwọ̀ jù láti kékeré, lè rò pé ohun tí ó dùn mọ́ òun ni yóò dùn mọ́ ọmọ òun náà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹyẹ tí ó bà sórí igi lódìkejì odò wu ọmọ náà ju ẹja tí ó wà nínú omi lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jàǹfààní púpọ̀ bí bàbá rẹ̀ bá mú un lọ sí Lekki Conservation Centre ní Èkó, ibi tí wọ́n ti dáàbò bo igbó àti àbàtà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78, tí àwọn ọ̀bọ ń fò láti orí igi dé orí igi, tí afárá tí a so kọ́ sókè láàárín àwọn igi náà sì gùn tó mítà 401. Ìwé kékeré àti pẹ́ńsù tó láti bẹ̀rẹ̀ irú ìgbafẹ́ yìí. Kí bàbá má sáré ra awò olówó gọbọi tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn nítorí pé ọmọ sọ lẹ́ẹ̀kan pé òun fẹ́ràn ẹyẹ. Owó tí bàbá ná a máa di ohun tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí nígbà tí ìfẹ́ náà bá yí sí ibòmíràn.

Irú ìwàǹwára yìí kan náà ló ń mú kí bàbá yan ibi tí ó jìnnà jù tàbí tí ó ga jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Àtẹ̀gùn tí a ń gùn lọ sí ìlú àtijọ́ lórí òkè Ìdànrè lé ní 600. Àgbàlagbà tí kò ń rìn déédéé máa ń mí gúlegúle kí ó tó dé òkè. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ni wọ́n ka òṣòòrò omi Olúmirìn sí, èyí àkọ́kọ́ rọrùn láti dé, ṣùgbọ́n ojú àpáta tí a ń gbà lọ sí àwọn tí ó wà lókè ń yọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ọmọ ọdún méje tí ó dé ìpele àkọ́kọ́, tí ó ta omi sí bàbá rẹ̀ lára, tí wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì àti àkàrà lórí àpáta, ti gbádùn ọjọ́ rẹ̀ ní kíkún. Bàbá ló kù tí ó fẹ́ dé ibi ìkeje, kí ó lè sọ pé àwọn dé ibẹ̀. Kí ó pinnu láti ilé pé agogo báyìí ni àwọn máa yí padà, ibi yòówù tí wọ́n bá dé, kí ó sì dúró lórí ìpinnu náà. Ní ti pípàgọ́, èrò tèmi ni pé àgbàlá ilé ẹni ló yẹ kí ọmọ ti kọ́kọ́ sùn nínú àgọ́, níbi tí ilẹ̀kùn ilé kò jìnnà bí ẹ̀rù bá bà á.

Iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti àgbà

Ó yani lẹ́nu pé bàbá tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan èèkàn lè jẹ́ ẹni tí kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ó pa àgọ́ náà sí. Ojú ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ó sì ní iyanrìn dáadáa létí odò a máa fa ojú mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àgbàrá ni. Òjò tí ó rọ̀ ní òkè réré lè gbé omi dé ibẹ̀ lóru láìjẹ́ pé òjò kán níbi tí wọ́n sùn sí. Abẹ́ igi ńlá tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ kò dára pẹ̀lú. Bí àrá bá ń sán, àgọ́ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni, orí àpáta gbangba àti abẹ́ igi sì léwu ju gbogbo ibi lọ. Ilé gidi tàbí inú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí wọ́n sá sí. Bí àkókò tí ó wà láàárín ìkọ mànàmáná àti ìró àrá kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 30, ewu ti dé tòsí, kí wọ́n má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn.

Àṣìṣe tí mo bẹ̀rù jù lọ ni ti èédú. Nígbà ọyẹ́, tàbí lórí òkè tí òtútù wà, bàbá lè gbé àdògán tí iná èédú ṣì wà nínú rẹ̀ wọ inú àgọ́ kí ara ọmọ lè móoru. Gáàsì carbon monoxide tí ó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa gbogbo ẹni tí ó wà nínú àgọ́ lójú oorun, kódà bí iná náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tí kò sì rú èéfín mọ́. Bákan náà ni ti ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹnu àgọ́. Aṣọ ìbora méjì, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà tó láti lé òtútù ilẹ̀ wa.

Ní ti ejò, ohun tí a fi ń dènà rẹ̀ rọrùn: kí ọmọ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì bí ó bá fẹ́ tọ̀ lóru, kí ó sì gbọn bàtà rẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀, nítorí àkèekèé. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún ẹni tí ń bọ̀. Ó máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ láàárín ewé gbígbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ tirẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí bàbá má fi abẹ gbẹ́ ojú rẹ̀, kí ó má fi ẹnu fa á, kí ó má sì fi okùn dì í pinpin. Kí ẹni náà má rìn, kí wọ́n mú kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà wà lójú kan, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Èyí fi hàn pé ó yẹ kí bàbá ti mọ ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ibùdó kí wọ́n tó kúrò nílé.

Lẹ́bàá omi, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ bàbá lè tó o, kì í ṣe níbi tí ojú rẹ̀ lè tó nìkan. Ọmọ tí ń rì kì í sábà pariwo. Bàbá tí ó tẹ orí ba fóònù láti ka WhatsApp kò ṣọ́ ọmọ.

Nínú igbó ti òde òní, ọ̀rọ̀ ajínigbé náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Kí bàbá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò tàbí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bí ọ̀nà ṣe rí, kí ó gba afinimọ̀nà níbi tí wọ́n bá ti ní in, kí ó sì sọ ibi tí àwọn ń lọ àti wákàtí tí àwọn máa padà fún ẹnì kan nílé. Àwòrán ọmọ àti orúkọ ibi tí wọ́n wà kò gbọdọ̀ dé orí Facebook títí wọn yóò fi délé.

Ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ

Bàbá tí ó bá tún jẹ́ olórí nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ó bá ń ṣojúsàájú, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà á máa pè é ní ọmọ ọ̀gá, wọn á sì fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré. Bí ó bá sì ń sá fún ìyẹn, ó lè le mọ́ ọmọ tirẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kí ó máa jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn fún àṣìṣe tí ó fi ẹ̀rín bò fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí ó dára ni kí wọ́n fi ọmọ náà sí ìsọ̀rí tí olórí mìíràn ń bójú tó, kí bàbá sì fi ìbáwí rẹ̀ sílẹ̀ fún olórí yẹn. Kí ó má sì sọ ìrìn nínú igbó di àkókò láti béèrè ìdí tí ó fi ṣe ipò kejìlélógún ní kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn kò gba àríyànjiyàn. Bàbá kò gbọdọ̀ bá ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sùn nínú àgọ́ kan náà, kò sì gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níbi kọ́lọ́fín. Àgbà méjì, ó kéré tán, ló yẹ kí ó máa wà níbi tí ọmọ ọlọ́mọ bá wà. Bàbá tí ó bá rí àgbà mìíràn tí ó ń ṣe bí ẹni pé òfin yìí kò kan òun kò gbọdọ̀ tìjú láti sọ̀rọ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí tàbí nípò nínú ẹgbẹ́.

Nígbà tí wọ́n bá délé

Àgọ́ tí wọ́n ká ní tútù gbọ́dọ̀ di títú sá lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé kò ní pẹ́ tí yóò fi hu funfun tí yóò sì máa rùn. Ọmọ ló yẹ kó sá a. Bí ibà bá mú ọmọ lẹ́yìn náà, kí a má sọ pé àárẹ̀ ìrìn àjò ni. Ẹ̀fọn tí ń fa ibà máa ń jẹni láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú, bẹ́ẹ̀ àìsàn náà sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15 kí ó tó yọjú, nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé pé ọmọ sùn síta láìsí nẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé ó lọ pàgọ́ àti ọjọ́ tí ó lọ.