A gbé dátábéèsì bọ́ sórí standby, ó ṣeé kà àmọ́ kò ṣeé kọ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí failover PostgreSQL

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. PostgreSQL 15 la fi ń ṣe dátábéèsì, primary (sáfà tí ápù ń kọ nǹkan sí) wà ní data center kan, standby (sáfà tó ń tọ́jú kọ́pì ẹ̀) wà ní òmíì, streaming replication, tó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ló so wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé a ní ká dán failover wò, ìyẹn kí standby gba iṣẹ́ primary, a fi pg_ctl stop pa primary, a promote standby (a sọ ọ́ di primary), kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan tó fi dìde. SELECT (kíkà) ń lọ geerege, àmọ́ gbogbo INSERT àti UPDATE (kíkọ) kàn dúró gbagidi, kò sí error, a wo lọ́ọ̀gì títí ojú fi ń ro wá. Nígbà tó sú wa a pa á, a tan primary àtijọ́ padà, a dá ápù padà síbẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Kú iṣẹ́ àbúrò, inú mi dùn pé ẹ dán an wò, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní standby tí wọn ò tíì promote rí. synchronous_standby_names ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ìyẹn ètò tó ń sọ standby tí primary gbọ́dọ̀ dúró dè. Tó bá jẹ́ pg_basebackup (irinṣẹ́ tó ń ṣe kọ́pì odindi sáfà) lẹ fi ṣe standby yín, tí postgresql.conf, fáìlì ètò ẹ̀, sì wà nínú data directory, bó ṣe wà lórí primary náà ló ṣe máa bá a débẹ̀. Tí primary bá ti ní àṣẹ pé commit kankan (fífi ohun tí a kọ múlẹ̀) ò gbọ́dọ̀ parí àfi tí standby bá jẹ́rìí pé òun ti gbà á, standby náà á ní àṣẹ yẹn, àmọ́ á kàn sùn síbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ẹ bá promote ẹ̀ ló máa jí, á wá máa retí standby kan tí kò sí níbì kankan, torí òun gan-an ni standby ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Kò ní kú, kò ní ké, á kàn máa retí lọ ni.

Tó bá tún há báyẹn, ẹ wo wait_event (ohun tí connection kọ̀ọ̀kan ń dúró dè) nínú pg_stat_activity, tí ẹ bá ti rí SyncRep, òun náà nìyẹn. Ẹ ṣe ALTER SYSTEM SET synchronous_standby_names = '' kí ẹ wá pe SELECT pg_reload_conf(), ẹ ò nílò láti pa á kí ẹ tún un tàn, gbogbo àwọn tó ń dúró á tú lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má cancel wọn o. Commit tó dúró báyẹn ti wà lórí sáfà yẹn, ẹ̀rí ló kù tó ń retí, tí ẹ bá wá cancel ẹ̀ tí ápù rò pé kò wọlé tó tún un fi ránṣẹ́, owó ẹnì kan ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọwọ́ la fi ṣa àwọn ìlà yẹn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Òun ni o! A tún un ṣe lórí sáfà méjì míì, SyncRep kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nǹkan kejì: lọ́jọ́ yẹn a yí DNS (tó ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì tí orúkọ sáfà ń tọ́ka sí) sí sáfà tuntun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ àwọn ápù kan ṣì ń wá èyí tí a ti pa.

Ìdáhùn: TTL DNS yín, ìyẹn iye àkókò tí wọ́n lè fi tọ́jú àdírẹ́ẹ̀sì kí wọ́n tó tún béèrè, ti pọ̀ jù, tàbí kó jẹ́ pé ápù fúnra ẹ̀ ló di àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ mú, Java máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti yí networkaddress.cache.ttl sókè. Tèmi o, mi ò ní gbé failover lé DNS lọ́wọ́. Ẹ kọ sáfà méjèèjì sínú connection string (ìlà tí ápù fi ń wá dátábéèsì) kan náà, kí ẹ fi target_session_attrs=read-write kún un, láti PostgreSQL 10 ni libpq, láíbìrì PostgreSQL fúnra ẹ̀, ti ní in, ti JDBC tí Java ń lò ń jẹ́ targetServerType=primary. Ápù fúnra ẹ̀ lá máa bi sáfà léèrè pé ṣé o ṣeé kọ, èyí tó bá ní òun ṣeé kọ ló máa bá lọ. Ẹ fi connect_timeout sí i pẹ̀lú, kó má dúró pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà sáfà tó ti kú.

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìlà kan tó sọnù nígbà tí a promote, failover ti yege, DNS àti config nìkan ló kù ká tún ṣe.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọ̀gá, àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí o. Ẹ̀yin fi pg_ctl stop pa primary jẹ́ẹ́jẹ́. Tí PostgreSQL bá ń kú jẹ́ẹ́jẹ́, ó máa ń dúró kó fi gbogbo WAL (àkọsílẹ̀ àtúnṣe dátábéèsì) tó kù ránṣẹ́ sí standby tó so mọ́ ọn kó tó lọ, ó sì máa ń ti gbogbo connection. Ìyẹn ni pé ó dágbére fún gbogbo èèyàn. Sáfà tí iná lọ lórí ẹ̀ ò ní dágbére fún ẹnikẹ́ni! Connection tó ti wà nílẹ̀ ò ní mọ̀ pé ẹni tó wà lódìkejì ti kú, tcp_keepalive_time ti Linux fúnra ẹ̀, ìyẹn àkókò tí connection fi máa dákẹ́ kó tó yẹ òdìkejì wò, wákàtí 2 ni, àyàfi tí ẹ bá ti dín in kù. Gbogbo èyí ò lè hàn nínú ìdánwò tí ẹ ṣe, kì í ṣe pé kò sí níbẹ̀.

Nígbà míì, ẹ já nẹ́tíwọ́kì kúrò lára primary lójijì, tàbí tó bá jẹ́ VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) ni, kí ẹ pa á bí ìgbà tí iná lọ, orí kọ́pì ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ṣe é. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí script kékeré kan máa gba ọ̀nà tí ápù ń gbà wọlé, kó máa kọ ìlà kan pẹ̀lú àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kó sì máa kọ èyí tí wọ́n sọ fún un pé ó ti wọlé pa mọ́ síbòmíì. Tó bá parí, ẹ fi méjèèjì wéra: àlàfo tó wà láàárín ìlà ìkẹyìn tó wọlé sórí sáfà àtijọ́ àti ìlà àkọ́kọ́ lórí sáfà tuntun ni iye àkókò tí ẹ fi wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó wọlé tí ẹ ò sì rí mọ́ ni dátà tó sọnù. Nọ́ńbà méjì yẹn ni kí ẹ gbé fún ọ̀gá.

Ẹ sì rántí GitHub, October 21, 2018: nẹ́tíwọ́kì wọn já fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré, MySQL wọn fúnra ẹ̀ kọjá sí òdìkejì Amẹ́ríkà, àwọn ìlà kan sì ti wà lápá ìlà oòrùn tí kò tíì dé apá kejì. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n fi tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àyà mi já báyìí. Torí standby tí a promote yẹn ò gbà láti padà di standby mọ́, ó ń sọ pé "highest timeline 1 of the primary is behind recovery timeline 2", ìyẹn ni pé promote ti gbé e sórí ọ̀nà kejì, primary ṣì wà lórí àkọ́kọ́. A gbé pg_rewind wá, irinṣẹ́ tó ń dá sáfà tó ti yà padà sọ́nà, òun náà ń béèrè data checksums tàbí wal_log_hints.

Ìdáhùn: Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pa nǹkankan rẹ́ níbẹ̀! Àwọn INSERT tó dúró gbagidi lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo ti sọ pé wọ́n wà lórí sáfà ọ̀hún, wọn ò sì sí lórí primary tí ẹ padà sí. Ẹ yọ standby.signal (fáìlì tó ń sọ fún un pé standby ni) kúrò, ẹ tan án láyè ara ẹ̀ níbi tí ápù kankan ò lè dé, ẹ wá àwọn ìlà tó wọlé lẹ́yìn promote, ẹ tọ́jú wọn, kí ẹni tó ni ápù bá yín wo èyí tó yẹ kó padà sí primary.

Lẹ́yìn náà, pg_rewind ò lè ràn yín lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú méjì yẹn gbọ́dọ̀ ti wà ní títàn kí ọ̀nà wọn tó pínyà, PostgreSQL 18 ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan checksums fúnra ẹ̀. Ẹ fi pg_basebackup ṣe standby tuntun, kí ẹ tan wal_log_hints lórí primary kó tó di ìdánwò míì, ìyẹn nílò kí ẹ pa á kí ẹ tún un tàn. Ẹ wo pg_replication_slots náà lónìí yìí, slot (àmì tí primary fi ń mọ ibi tí standby gba WAL dé) tí kò sẹ́ni tó ń lò á máa tọ́jú WAL títí dísíìkì primary á fi kún, àyàfi tí ẹ bá ti fún max_slot_wal_keep_size ní iye kan.

Ìbéèrè: A rí ìlà mẹ́rìndínlógún, a ti tọ́jú wọn. Àmọ́ ID wọn fò lójijì, tábìlì session sì ṣófo pátápátá níbẹ̀.

Ìdáhùn: ID kì í ṣe àìsàn, sequence, tó ń pín ID, máa ń kọ nọ́ńbà 32 sílẹ̀ ṣáájú sínú WAL, standby á sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ti session, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ UNLOGGED lẹ ṣe é, ìyẹn kì í gba inú WAL kọjá rárá. Tí ẹ bá fẹ́ kó bá yín dé ọ̀hún, ALTER TABLE ... SET LOGGED, àmọ́ ẹ ṣe é lóru o, torí á tún gbogbo tábìlì yẹn kọ.