Láti Ìkòròdú dé Ìdí-Àràbà: bí mo ṣe kẹ́kọ̀ọ́ gboyè rédíógíráfì

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ rédíógíráfì ń gbà ní Yunifásítì Èkó fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé. Tí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni wọ́n fi gbogbo àkókò yẹn kọ́ wa, ìdáhùn mi ò gùn: wọ́n kọ́ wa pé kí a ya àwòrán inú ara èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kó dára, kó tán síbẹ̀. Ìtànṣán X-ray kì í ṣe nǹkan àfiṣeré. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì ni díẹ̀ ń wọ aláìsàn lára. Bí àwòrán ò bá wá dáa, tí a ní láti tún un yà, a jẹ́ pé èyí tó ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára, lásán ló wọ̀ ọ́. Fíìsíìsì tó ń da ọpọlọ láàmú, orúkọ eegun rẹpẹtẹ, ọ̀nà tí a ń gbà bá ìyá arúgbó sọ̀rọ̀ tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìkòròdú ni mo ń kọ èyí fún jù, àwọn tó máa ń dá mi dúró ní Sábó tàbí ní Ìtàmàga pé, "Àǹtí, báwo lẹ ṣe wọlé?" Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè nínú WAEC: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Fíìsíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólọ́jì. Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Fíìsíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólọ́jì ni. Yunifásítì Èkó tún ń ṣe ìdánwò tirẹ̀ lẹ́yìn JAMB, wọ́n á wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀: 50 láti ara JAMB, 30 láti ara ìdánwò wọn, 20 láti ara èsì WAEC. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń gbàgbé 20 yẹn. Ẹni tó bá mú A wálé láti ilé ẹ̀kọ́ girama ti rìn jìnnà kó tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà JAMB rárá.

Kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń lọ ṣe. Rédíógíráfà ló ń ya àwòrán. Dókítà kan wà lọ́tọ̀ tó jẹ́ pé kíka àwòrán náà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bàbá mi ò mọ ìyàtọ̀ yìí nígbà tí orúkọ mi jáde. Wọ́n ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ àwọn ń lọ di dókítà, mo sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà títí ó fi yé wọn. Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ló ń ṣàlàyé fún àlejò.

Akọkà la ti ṣe ọdún kìn-ín-ní, kí a tó kó lọ sí Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó wà. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, mo máa ń wọ BRT ní Barracks padà sí Ìkòròdú. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ Ketu àti Mile 12 ò ṣàjèjì sí ọmọ Ìkòròdú kankan, inú ẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ eegun. Eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Èmi ò fi ẹnu nìkan há wọn sórí. Mo máa ń fi ìka tọ́ wọn lára ara mi: eegun mẹ́jọ tó wà ní ọrùn ọwọ́, eegun ìhà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣóńṣó eegun ìbàdí tí a máa ń fi ọwọ́ wá nígbà tí a bá fẹ́ ya ikùn. Ọ̀nà tí mo rò pé ó dára jù nìyẹn, nítorí pé ní yàrá X-ray, abẹ́ ìka ni eegun wà, kò sí nínú ìwé.

Fíìsíìsì ló lé àwọn kan lára wa padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàkíyèsí ìtànṣán yìí ní Würzburg, ní Jámánì. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tòun ti òrùka ìka rẹ̀. Ní 1901, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú Fíìsíìsì. Ìtàn rọrùn láti mọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ gan-an ló gba kí èèyàn jókòó tì í. Wáyà tín-ín-rín kan á gbóná, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn èérún tín-tìn-tín tó ń gbé iná, á jáde lára rẹ̀, iná alágbára á lé wọn lọ kọlu irin tọ́ńgísítẹ̀ẹ̀nì. Nínú agbára tí wọ́n gbé wá, ìdá 99 nínú 100 ló ń di ooru lásán. Ohun tó ń di X-ray ò tó ìdá kan. Ìdí nìyẹn tí irin náà fi ń yí bírí bírí, kí ooru má bàa jó ojú kan mọ́lẹ̀.

Nǹkan méjì la wá ń yàn lórí ẹ̀rọ. kV ló ń sọ bí ìtànṣán ṣe máa lágbára tó láti la ara kọjá. mAs ló ń sọ bí yóò ṣe pọ̀ tó. Ọmọdé tó rù ò lè gba ohun kan náà pẹ̀lú bàbá tó sanra. Bí a bá sì gbé ẹ̀rọ jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìtànṣán tó ń dé ọ̀dọ̀ aláìsàn á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tí gbólóhùn mẹ́ta yìí bá yé dénú, a kì í bá a níbi tó ti ń méfò níwájú ẹ̀rọ.

Ọdún kẹta ni iṣẹ́ ọwọ́ wá gbóná. A ní ìwé kan tí ọ̀gá tó ń dúró tì wá máa ń fọwọ́ sí fún gbogbo àwòrán tí a bá bá wọn yà. Bí a bá gba ìsinmi, mo máa ń lọ ṣèrànwọ́ ní ilé àyẹ̀wò kan ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ni mo sì ti rí àwọn èèyàn wa dáadáa: àwọn ọlọ́kadà tó ṣubú ní Odógunyàn, àwọn tó ń wa yanrìn ní Májídùn tí ẹ̀yìn ń dùn, àwọn ìyá ẹlẹ́ja láti Bàyékù, àwọn ọ̀dọ́ tí iléeṣẹ́ ní kí wọ́n lọ ya àyà kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú àwòrán àyà, kí ẹ lè rí bí ó ṣe ń lọ. Mo máa kọ́kọ́ kí wọn, mo máa ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ orúkọ wọn, mo máa fi wé ohun tí dókítà kọ. Wọ́n á dúró, wọ́n á kọjú sí pátákó tó ń gba àwòrán, àyà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni ìtànṣán máa gbà wọlé. Apá iwájú ni ọkàn wà. Bó bá ṣe sún mọ́ pátákó náà tó ni kò fi ní tóbi ju bó ṣe yẹ lọ nínú àwòrán. Ìdí kan náà ló mú ká gbé ẹ̀rọ jìnnà tó 180 sẹ̀ǹtímítà, nígbà tó jẹ́ pé 100 ló tó fún ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Àgbọ̀n á gòkè. Ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì á wà ní ìbàdí, a ó wá ti èjìká síwájú, kí eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká lè kúrò lórí ẹ̀dọ̀fóró. Mo máa lẹ àmì òjé tó ń fi òsì tàbí ọ̀tún hàn mọ́ ọn. Ẹ má sọ pé ọkàn ti wà lápá òsì, kí la ń fi àmì ṣe; àwọn èèyàn kan wà tí a bí tí ọkàn wọn wà lápá ọ̀tún.

Mímí ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. "Màmá, ẹ fa èémí sínú dáadáa. Ẹ mú un dání. Ẹ má mí o!" Bí ìbẹ̀rù bá wà lára wọn, wọ́n á fà á sínú, wọ́n á sì tú u jáde kí n tó dé ìdí bọ́tìnì. Torí náà, a jọ máa ń ṣe é kí n tó wọ ẹ̀yìn ògiri. Mo máa fà, wọ́n á fà. Mo máa mú un dání, wọ́n á mú un dání. Fún àwọn oníyanrìn Májídùn, mo kàn máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe é bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rì sábẹ́ omi." Kò sẹ́ni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń hàn dáadáa tó tiwọn. Bí àwòrán bá jáde, mo máa ka eegun ìhà láti ẹ̀yìn: bí mo bá rí mẹ́wàá lókè awọ tó pín àyà àti ikùn, èémí náà wọlé tó. Mo máa wo eegun iwájú èjìká méjèèjì bóyá wọ́n jìnnà sí ọ̀pá ẹ̀yìn bákan náà. Bí ọ̀kan bá sún mọ́ ọn ju èkejì lọ, aláìsàn ti yí ara padà.

Ohun tí ìwé ò kọ́ wa tó ni ohun tó wà lára àwọn èèyàn wa. Irun dídì tó sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká máa ń hàn lórí ẹ̀dọ̀fóró bí ẹni pé àìsàn ni, a gbọ́dọ̀ kó o sókè. Owó wà nínú kọ́mú. Òǹdè wà ní ìbàdí bàbá. Ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí ìyàwó tí wọ́n ní kí a ya eegun ìbàdí fún. Ẹni tó bá kàn jágbe pé "Ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀!", wọ́n á bọ́ díẹ̀, wọ́n á fi díẹ̀ pamọ́, a ó sì tún àwòrán yà. Èmi máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa kúnlẹ̀ fún àgbà, mo máa rọra sọ pé, "Mà, ohunkóhun tó bá wà níbí yìí, á bo ohun tí dókítà ń wá. Ẹ bá mi yọ ọ́, ọwọ́ yín náà ni yóò wà." Mi ò béèrè ohun tí òǹdè wà fún. Kò kàn mí. Ẹni tó bá lo híjáàbù, mo máa ń fún un ní aṣọ ilé ìwòsàn tó bò ó dáadáa, kò sì ní sí ọkùnrin nínú yàrá bí mo bá lè rí i ṣe.

Ìbéèrè kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ fò mí: "Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn?" Bí obìnrin bá lóyún, tí a sì fẹ́ ya ikùn tàbí ìbàdí rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí ni ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ dúró tì í máa sọ? Ó máa ní kò sí nǹkan kan. Mo máa ń bẹ ìyá pé kí wọ́n bá mi jókòó síta díẹ̀, mo máa wá tún un béèrè. Mo gbà pé ìṣẹ́jú yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo kV tí a kọ́ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn tó ń to eegun pẹ̀lú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọmọ ilé irú wọn wà lára ọ̀rẹ́ mi. Àmọ́ mo ti rí ọwọ́ tí wọ́n di igi mọ́ pinpin títí tí ẹ̀jẹ̀ ò fi lọ dé ìka mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ jẹ́ kó ya àwòrán ná, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé eegun tó dá lè dà bíi pé ó tọ́ lójú kan, kó sì wọ́ lójú kejì. Bó bá fi ọwọ́ tilẹ̀ nígbà tó ń ṣubú, tí ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò ń dùn ún, tí àwòrán ò sì fi nǹkan hàn, kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Eegun kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń sán tí kì í tètè hàn.

Àwọn ẹbí mi bẹ̀rù fún mi. Ìyá àgbà kan nílé wa bi mí bóyá mi ò ní yàgàn. Mo fi báàjì kékeré tí mo máa ń fi sáyà hàn wọ́n, èyí tó ń ka ìtànṣán tó bá dé ara mi. Ààlà wà fún òṣìṣẹ́: 20 mílísífáátì (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìtànṣán tó wọ ara) lọ́dún, bí a bá pín in lórí ọdún márùn-ún. Fún ará ìlú, ọ̀kan ni. Ẹ̀yìn ògiri olójé la máa ń wà bí a bá tẹ bọ́tìnì. Bó bá di dandan kí ẹnì kan di ọmọ mú, aṣọ òjé ni yóò wọ̀. Ohun tí a ń ṣọ́ kò ju mẹ́ta lọ: kí àkókò kúrú, kí a jìnnà, kí ohun kan dínà láàárín. Ìyá àgbà ní àwọn ti gbọ́, àmọ́ wọn ò yé gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún ló kó CT àti MRI, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń ya inú ara ní ègé-ègé, àti ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún wá. Èyí tí a fi ń wo oyún, ohùn tí etí ò lè gbọ́ ló ń lò. MRI ń lo agbára òòfà. Àwọn méjèèjì kì í lo irú ìtànṣán X-ray. CT ń lò ó, ó sì ń lò ó púpọ̀ ju àwòrán àyà lásán lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tọrọ rẹ̀ fún ẹ̀fọ́rí tí dókítà kò ní kó lọ yà. Fún iṣẹ́ àkànṣe mi, ohun tó ń mú kí wọ́n tún àwòrán yà ni mo yẹ̀ wò: ìdúró tí kò tọ́, ara tó mira, nǹkan tí a ò yọ lára, kV tàbí mAs tí a ṣì yàn. Nígbà ìdánwò ẹnu, àwòrán ni wọ́n kó síwájú mi, wọ́n ní kí n sọ èyí tí mo máa gbà àti èyí tí mo máa dá padà, kí n sì sọ ìdí rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ní ó tó.

Lẹ́yìn èsì, a búra níwájú àwọn aṣojú Radiographers Registration Board of Nigeria, àjọ tí òfin ọdún 1987 gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ wa. Ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn ló kàn, lẹ́yìn náà ni NYSC. Ẹ má rò pé àyè ìkọ́ṣẹ́ ń dúró de èèyàn. Kí ẹ tó ṣe ìdánwò àṣekágbá ni kí ẹ ti máa wá àyè ní àwọn ilé ìwòsàn, kì í ṣe ti Èkó nìkan. Tèmi ti jáde, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.