Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ẹnjiníà ẹ́ápọ́ọ̀tù, ẹ má ṣe báyìí o

Àwọn àbúrò wa ní Ifẹ̀ níbí, pàápàá àwọn tó ń ka civil engineering ní OAU, tí wọ́n bá ti ní ẹ́ápọ́ọ̀tù làwọn fẹ́ máa kọ́, bàálù ló máa ń wà lọ́kàn wọn. Bàálù kọ́ niṣẹ́ yín o. Ilẹ̀ niṣẹ́ yín, ilẹ̀ àti omi, ẹni tó bá sì ń sá fún kíláàsì yẹ̀pẹ̀ torí pé ó ń ba aṣọ jẹ́, kó yáa wá nǹkan míì ṣe.

Àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́ ẹ bá gbé dígà sí i á máa dún gbì gbì, ẹ ẹ́ ní ó mà le o. Ẹ bù ú wá sí láàbù, ẹ lù ú sínú móòdù CBR (ìdánwò tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe lágbára tó hàn), ẹ rì í sómi fún ọjọ́ mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wò. Òmíì á ṣì dúró, òmíì á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹni tó bá fo ọjọ́ mẹ́rin yẹn torí pé ọ̀gá ń kánjú, tó wá kọ nọ́ńbà ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀, òjò oṣù Keje ló máa bá a ṣe ẹjọ́.

Ẹ má sì gbé ọgbọ́n títì lọ sórí rọ́nwéè tí bàálù ń sáré lé. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà lè máa rò pé ọ̀dà lọ̀dà ń jẹ́. Boeing 737-800 tó bá kún tán tó tọ́ọ̀nù 79, táyà mẹ́rin ẹ̀yìn ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, atẹ́gùn inú wọn sì tó nǹkan bíi 200 psi, tírélà ò dé bẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣí lára ọ̀dà, lójú títì kò sẹ́ni tó máa wò ó, lórí rọ́nwéè ẹ́ńjìnnì lè fà á wọlé. Ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ńkọ́? ICAO, àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin ọkọ̀ òfuurufú, ní kí ti rọ́nwéè ńlá má ju 1% lọ láti orí dé ìdí, ẹni tó bá mọ bí àwọn òkè Iléṣà ṣe rí á ti máa ṣírò iye yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa gé.

Àwọn kan wà, sọ́fítíwíà ni tiwọn. FAARFIELD tí FAA, àjọ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, ṣe láti máa fi ṣírò bí rọ́nwéè ṣe máa nípọn tó, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè dáùnlóòdù ẹ̀ lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n tí CBR tẹ́ ẹ fi sí i bá jẹ́ irọ́, irọ́ yẹn náà ló máa fi ṣírò fún yín, á kàn gbé e jáde lọ́nà tó rẹwà ni. Ẹ sì yé ka nóòtì àwọn sínió yín lórí PCN, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń sọ bí bàálù tí rọ́nwéè lè gbà ṣe wúwo tó, bí ẹni pé nǹkan ò tíì yí, láti oṣù Kọkànlá 2024 ACR-PCR tó rọ́pò ẹ̀ ni ICAO ní kí wọ́n máa lò.

Tẹ́ ẹ bá ń wá IT, ìyẹn ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ kọ́ṣẹ́, ẹ má kọ iṣẹ́ títì pé ẹ́ápọ́ọ̀tù nìkan lẹ fẹ́. Ẹ́ápọ́ọ̀tù mélòó ló wà nítòsí wa ná? Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa gọ́tà, tí wọ́n ti ń wọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀, torí ẹ máa nílò ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní COREN, àjọ tó ń fún ẹnjiníà láṣẹ ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí yunifásítì nìkan ò fún yín láṣẹ láti máa fọwọ́ sí dọ́rọ́ìn.

Annex 14 náà, ìwé òfin ICAO lórí ẹ́ápọ́ọ̀tù, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó lọ fún íntáfíù. Tí wọ́n bá bi yín ní RESA tẹ́ ẹ wá sọ pé ibi tí bàálù ti ń yípo ni, wàhálà dé. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn strip (ilẹ̀ tó yí rọ́nwéè ká) ni, fún bàálù tó bá sá kọjá rọ́nwéè, ó kéré tán mítà 90.