Àwọn àṣìṣe tí a máa ń ṣe kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ọwọ́ fún wa

Ife ògì kan ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọwọ́ mi ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dá. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ jẹun mọ́ láti òru, mo sì gbà. Àmọ́ nígbà tó di ìdájí, tí ebi dé, mo sọ fún ara mi pé ògì kì í ṣe oúnjẹ, ohun mímu ni. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ní ọsibítù, mo sọ òótọ́. Bí wọ́n ṣe dá mi padà sílé nìyẹn, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bínú gan-an lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀mí mi ni wọ́n ń dáàbò bò: bí oògùn oorun bá ti wọ ara, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè padà, kó sì gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Òfin tí ọ̀pọ̀ ọsibítù ń tẹ̀ lé ni pé kí oúnjẹ ti dá lẹ́nu, ó kéré tán, ní wákàtí 6 ṣáájú, kí omi lásán sì ti dá ní wákàtí 2. Omi lásán ni mo wí o. Ògì, tíì onímílíìkì, gbogbo rẹ̀, oúnjẹ ni. Ẹ má sì sọ pé apá nìkan ni wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú kú, pé ẹ ò ní sùn. Bí abẹ́rẹ́ yẹn ò bá ràn tó, wọ́n lè ní láti mú yín sùn. Àfi bí dókítà fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ jẹun.

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ló há mọ́ mi, tí ìka mi ń kú tipiri lóru, láti àtàǹpàkò dé ìka àárín, títí dé ẹ̀gbẹ́ kan ìka òrùka. Màá jí, màá máa gbọn ọwọ́ bí ẹni ń gbọn omi nù. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ti fi róòbù ra á, mo ti wọ́ ọ. Ìlú tí ọsibítù ńlá UCH ti ń tọ́jú aláìsàn láti 1957 la wà, síbẹ̀ àwọn kan á ṣì lọ sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́ nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ojú ọgbẹ́ kékeré ni kòkòrò ń gbà wọlé. Bákan náà, ẹ má fi abẹ fá irun ọwọ́ yín kí ẹ tó lọ. Bí ọ̀bẹ bá sì ṣá yín níka nígbà tí ẹ̀ ń gé àlùbọ́sà, ẹ sọ fún wọn.

Òrùka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni kò ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo fi ọṣẹ sí i, kò yí. Ọmọ mi ló ki ẹnu òwú ìránṣọ kan bọ abẹ́ òrùka náà, ó wá ń wé ìyókù mọ́ ìka mi pinpin, láti etí òrùka lọ sí orí ìka. Ó wá di ẹnu òwú tó wà lẹ́yìn mú, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, òrùka náà sì ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí ọjọ́ ṣì wà. Ọwọ́ máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òrùka tó bá wà níbẹ̀ lè fún ìka pa. Làálì àti kútẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Lójú èékánná ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ìka, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka náà tún wà, ọwọ́ kejì ni wọ́n sì sábà máa ń fi sí. Nítorí náà, ọwọ́ méjèèjì ni kó mọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ká máa fi nǹkan pamọ́ fún dókítà nítorí pé ojú ń tì wá. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ. Bí ẹ bá ń lo asipirín tàbí oògùn mìíràn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ sọ, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín. Bí ojú ọgbẹ́ yín bá máa ń wú le, ẹ sọ. Ẹni tó bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dáadáa, torí wọ́n sábà máa ń di òkè apá pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dí wọn lójú, ìyẹn sì lè léwu fún un. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà tí wọ́n á ní kí ẹ fi omi díẹ̀ lò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ti ìtọ̀ ṣúgà yàtọ̀, ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù bí ẹ ò bá jẹun. Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fa sìgá, kó ti fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, torí kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jiná.

Ilé wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í rántí rárá. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí lọ́wọ́ ọ̀tún ò lè fi òǹtẹ̀ ìka ṣí fóònù, kò lè buwọ́ lùwé ní báńkì, nítorí náà ẹ gba owó sílẹ̀. Ẹ wá búbá tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀. Ẹ mú ẹni kan dání, ẹ wọ takisí Máíkírà, ẹ má gun ọ̀kadà: apá lè kú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó máa fì bí apá ẹlòmíràn, kó fara kan ohun gbígbóná kí ẹ má sì mọ̀. Irọ̀rí ni kẹ́ ẹ fi gbé e ga ju àyà lọ bí ẹ bá ti délé. Ní ti àmàlà, ṣíbí ni. Tí àgbàlagbà bá na ọwọ́ sí yín, ẹ na ọwọ́ òsì pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, kí ẹ tọrọ àforíjì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ìgbà kejì, mo fi gèlè di ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ àyà láti àárọ̀ di alẹ́. Mo bu omi, mo ró ìró, mo fọ ẹnu. Gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe, bó tilẹ̀ nira. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo géètì nìkan ni ọwọ́ òsì mi ò lè yí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ kejì fún Ìyá Bọ́sẹ̀ tí a jọ ń gbé.