Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Mọ́tò Ìgbàlódé Kọ́ Ìwakọ̀, Kí Ẹ sì Yege

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò ní Ilé-Ifẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo mọ́tò kékeré tuntun ní kámẹ́rà ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi fi ní in. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi ṣe ìdánwò lè má ní. Ọrùn yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rìfáàsì, ẹ fi aṣọ bo síkírínì tó ń gbé àwòrán kámẹ́rà náà hàn níwájú yín. Ẹ wo dígí àárín, ẹ wo tọ̀tún tòsì, kẹ́ ẹ wá yí ọrùn wẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó tú búrékì sílẹ̀. Ẹ rọra. Ìgbà tó bá ti mọ́ yín lára ni kẹ́ ẹ ṣí aṣọ. Kámẹ́rà á fi ọmọdé tó lóṣòó sẹ́yìn bọ́ńpà hàn yín, dígí ò lè rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà tó ń já bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ní Lágéré, ó lè má rí i. Ẹrẹ̀ náà sì máa ń bo ojú rẹ̀ lásìkò òjò.

Ẹ̀rọ tó ń dá mọ́tò padà sáàárín ìlà ọ̀nà rẹ̀, ẹ pa á. Ìlà tí wọ́n kùn sójú títì ló ń kà. Bẹ́ ẹ bá yà fún kòtò láìtan tiráfíkétọ̀, ó lè fa sítíárìn padà mọ́ yín lọ́wọ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra lórí òkè, àwọn mọ́tò kan máa ń di búrékì mú fúnra wọn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búrékì. Ẹ má gbójú lé e. Háńbúrékì ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ.

Búrékì gan-an ló ká mi lára jù. Wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa tú u, tí nǹkan bá já lu ọ̀nà lójijì. Mọ́tò tó bá ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ búrékì gan-an, ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀, ó sì yára ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọin, kẹ́ ẹ má tú u. Á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ má bẹ̀rù, kẹ́ ẹ fi sítíárìn yà fún ohun tó wà níwájú. Ẹ dán an wò níbi tó ṣófo, kí olùkọ́ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣí iná mọ́tò, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: iná ABS á tàn, á sì kú. Bí kò bá kú, ABS náà ò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, àti èyí tí kò ní ABS rárá, nìkan lẹ lè máa tẹ búrékì rẹ̀, kẹ́ ẹ máa tú u.