Bí a Ṣe Lè Yan Op-amp fún Iná tí Fóltì Rẹ̀ Ga

Op-amp ni ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ àmì iná kékeré di ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí LM358, op-amp tó wọ́pọ̀, kò lè gbé, nítorí pé 32 fóltì lápapọ̀ ni òpin tirẹ̀, ìpèsè iná ni kó kọ́kọ́ wọ̀n. Ní Kàbà àti Ìsánlú, níbi tí iná ìjọba ti máa ń lọ sókè sódò, ẹ má ṣe gbọ́kàn lé nọ́ńbà ara tiransifọ́mà nìkan. Èyí tí wọ́n kọ 30-0-30 sí lára (30 fóltì AC ní apá kọ̀ọ̀kan, òdo láàárín) máa ń di nǹkan bí 42 fóltì ní apá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí diode bá ti sọ ọ́ di iná DC. Bí iná bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i, ó ti kọjá 45 fóltì ní apá kọ̀ọ̀kan tí OPA445, op-amp fún fóltì gíga, lè bá ṣiṣẹ́. OPA454, irú rẹ̀ mìíràn tí ń gba 50 ní apá kọ̀ọ̀kan, ni èmi yóò mú.

Ooru ló yẹ ká bẹ̀rù jù: bí 50 fóltì bá kù sórí op-amp nígbà tí 50 mílíáńpíà ń gbà á kọjá, wáàtì 2.5 ló di ooru nínú ohun tí kò tó èékánná. Ẹ jó irin abẹ́ OPA454 mọ́ kọ́pà tó fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má so ó mọ́ ground (òdo fóltì), nítorí iná negative, apá ìpèsè tó wà lábẹ́ òdo, ló wà níbẹ̀.