Bí zobo ṣe kúrò lára bùbá funfun mi
Zobo dà sí àyà bùbá funfun mi níbi ìnáwó kan. Bí ọṣẹ ṣe kàn án, pupa náà di búlúù. Bí aró ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe zobo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohun kíkan ló ń dá a padà.

Mo da omi tútù gba ẹ̀yìn aṣọ náà kí ó lè ti àbàwọ́n jáde, mo wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Wéré ló tún pupa, ó sì ń ṣàn sínú báàsìn! Mo ṣàn án dáadáa kí n tó ta hydrogen peroxide 3% (omi apakòkòrò tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, tó máa ń ṣí àwọ̀) sí ìwọ̀nba tó kù. Ó mọ́ kedere.

Aṣọ aláwọ̀ lè ṣá, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi ìṣẹ́tí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da Jik mọ́ ọsàn o: èéfín olóró ló ń yọ.